Àáró ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Banikanni, ní Parakou, àwọn ìsọ̀ kéékèèké tí a ti ń tẹ ìwé, tí a sì ti ń ṣe fọ́tòkópì, máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ wá lórí clé USB. Ìyá kan fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ń wá ẹni tí yóò tẹ òfin ẹgbẹ́ wọn. Kò sí èyí tó mọ orúkọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìsọ̀ mọ̀ pé bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn bá dákẹ́ lónìí, ìkòkò ọbẹ̀ ilé òun lè dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ti le sí i. Ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró fún Windows 10, àyàfi fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò, èyí tí òun náà ní òpin. Ẹ̀rọ náà kò kú. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣe lánàá. Àmọ́ ihò tí olè bá rí lára ògiri rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò wá dí i mọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ni kò sì lè gba Windows 11, nítorí pé ètò tuntun náà ń béèrè ohun tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní nínú. Ọ̀nà mẹ́ta ló wá dojú kọ onísọ̀ wa. Ó lè ra ẹ̀rọ tuntun, bí owó bá wà. Ó lè máa lo ti àtijọ́ lọ ní ìlẹ̀kùn ṣíṣí. Ó sì lè gba ètò tí wọ́n jí dà kọ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹni yẹn náà gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú àrùn yòówù tó bá fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin wà, òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àwọn ètò kọ̀ǹpútà olómìnira, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní logiciel libre, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń lò wọ́n. Èrò wa ni pé ètò náà nìkan kò lè gba onísọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ló lè gbà á. Ẹgbẹ́ náà kò sì ní tọ́jọ́ bí kò bá mọ̀ pé àáró ni òun ń ṣe, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni òun ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a kò sanwó rẹ̀ àti fún ẹni tí kò sí lóko ẹrú, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń rú àwọn tó ń sọ ọ́ lójú. Èdè Yorùbá kò ní ìṣòro náà. Ọ̀fẹ́ ni ohun tí owó kò jáde fún. Òmìnira ni ipò ẹni tí ẹlòmíràn kò jọba lé lórí. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni a kì í sanwó fún. Ṣùgbọ́n òmìnira ni àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ń lépa.

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó ti dúró rí nínú ìsọ̀ fọ́tòkópì nígbà tí ìwé há. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan tí ilé-iṣẹ́ Xerox fún wọn, ìwé sì máa ń há sí i lẹ́nu. Ti àtijọ́ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ṣàtúnṣe ètò rẹ̀ kí ó lè máa fi tó wọn létí bí ìwé bá há. Wọ́n fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ètò inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Richard Stallman, lọ bá ẹnì kan ní yunifásítì mìíràn tó ní in lọ́wọ́. Ẹni náà kọ̀: ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó dun Stallman kì í ṣe ìwé tó há. Ó dùn ún pé a ti fi ìwé àdéhùn de ọwọ́ aládùúgbò kí ó má baà ran aládùúgbò lọ́wọ́.

Ní ọdún 1983 ó kéde iṣẹ́ GNU, ní ọdún 1985 ó dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀, ní ọdún 1989 ìwé àṣẹ GPL jáde. Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé Linux jáde ní 1991, tó sì fi í sábẹ́ GPL ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé náà ní òpó àárín. Òmìnira mẹ́rin ni ètò gbọ́dọ̀ fúnni kí a tó lè pè é ní olómìnira: kí á lò ó fún ohunkóhun tó bá wù wá, kí á tú u wò, kí á sì yí i padà bí a ti fẹ́, kí á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí á pín èyí tí a ti tún ṣe pẹ̀lú.

Òfin kan wà nínú GPL tí àwọn àgbẹ̀ wa yóò yára mọ̀. Bí o bá mú ètò tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí o tún un ṣe, tí o sì gbé e jáde fún aráyé, o gbọ́dọ̀ ṣí àtúnṣe tìrẹ náà sílẹ̀ bí wọ́n ti ṣí tiwọn sílẹ̀ fún ọ. Kí ni èyí bí kò ṣe àáró? Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnì kan pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ rẹ̀, kó fún wọn ní oúnjẹ, kí wọ́n sì túká. Àáró ni kí àwọn ẹgbẹ́ máa ro oko ara wọn yípo: lónìí tìrẹ, lọ́la tèmi. Kò sí owó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà. Ẹni tí wọ́n bá a ro oko rẹ̀ tán, tí kò yọjú ní ọjọ́ tí ó kan ọmọnìkejì rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ sí kóòtù. Àmọ́ ní ọdún tó ń bọ̀, òun nìkan ni yóò dúró láàárín igbó rẹ̀.

Báwo ni àáró yìí ṣe ń rí ní ìlú bíi Parakou? Ẹgbẹ́ àwọn olùlo ètò olómìnira, níbikíbi tó bá ti fìdí múlẹ̀ ní àgbáyé, kò ju kí àwọn ènìyàn pàdé ní ọjọ́ kan náà, ní ibì kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Ẹni tó mọ̀ jókòó ti ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kó ìwé àti àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ pamọ́ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi clé USB gbé Debian tàbí Ubuntu dìde láìtíì pa ohunkóhun rẹ́, kí onítọ̀hún lè wò ó bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ yóò gbọ́ràn, bóyá ohùn yóò jáde, bóyá Wi-Fi yóò mú. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n fi í síbẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n yọ clé náà, ẹ̀rọ sì padà sí bí ó ti wà.

Ní tiwa, àǹfààní mìíràn wà tí àwọn ará ìlú ọlọ́rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Mẹ́gà íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń rà kì í pẹ́ tán. Níwọ̀n bí òfin ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹ̀dà, ẹnì kan ṣoṣo lè wá ètò náà wálẹ̀, kí ogún ènìyàn sì mú un lọ sílé láti ọwọ́ rẹ̀ láìjalè. Ohun tí à ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ lórí ètò olówó, gbangba ni à ń ṣe é níbí.

Ẹ má sì rò pé nǹkan ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni a ń sọ. Ní Lomé, nítòsí wa, àwọn ọ̀dọ́ WoeLab, ilé iṣẹ́-ọnà tí ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní 2012, ni Afate Gnikou wà láàárín wọn nígbà tó fi àwókù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́ ẹ̀rọ tí ń fi ike mọ nǹkan ní 2013. Kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo: àwòrán iṣẹ́ náà wà ní gbangba látọ̀dọ̀ àwọn RepRap, tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Jerry náà tún wà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, tí àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì gbà mọ́ra: kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ láti inú àwókù, tí wọ́n tò wọ́n sínú bìdọ́ọ̀nù onílítà ogún, pẹ̀lú ètò olómìnira nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí bìdọ́ọ̀nù ti di àmì òwò epo kpayo létí títì, ó yẹ kí inú wa dùn pé ó tún lè gbé ìmọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dùn tó báyìí, kí ló dé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń dìde bí eruku ọ̀gbẹlẹ̀, tí wọ́n sì ń rọlẹ̀ bí i? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé a sọ wọ́n di ibi ìpín-nǹkan. Títí di ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Canonical, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀, máa ń fi àwo CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ pé pípín àwo nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ni yóò máa pín nígbà tí àwo bá tán? Ìdí kejì ni owó ọkọ̀. A mọ àwọn ìpàdé tó máa ń kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ tí onígbọ̀wọ́ bá wá láti Cotonou tàbí láti òkè òkun, tí wọ́n pín perdiem, tí wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ àsíá ńlá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àga ló kù. Ìdí kẹta ni ẹni kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ kan tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa kó gbogbo ẹgbẹ́ sí èjìká, ó rí iṣẹ́ sí Cotonou tàbí ìwé ẹ̀kọ́ sí Faransé, ó lọ, ó sì bá kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti lọ. Àṣìṣe àwọn tó kù ni pé wọ́n jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ọ̀kan.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ètò náà pẹ̀lú. LibreOffice ń ṣí ìwé tí a fi Word kọ, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìlà a máa yẹ̀, àtẹ a sì máa fò sí ojú ewé kejì. Èyí kì í ṣe àwàdà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ lọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́la. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí àwọn tó ṣe wọ́n kò bìkítà láti bá Linux rẹ́. Kò sì sí ètò kankan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ihò. Ìyàtọ̀ ni pé ti olómìnira, ẹnikẹ́ni lè wò ó, ẹnikẹ́ni sì lè dí i. Ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ bí oògùn gbogbo-nìṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì ju àwo lọ: ní ọjọ́ tí ìlà bá yẹ̀, ẹni tí a lè kàn lẹ́nu ọ̀nà níbí ní Banikanni sàn ju ìwé ìtọ́sọ́nà ẹgbẹ̀rún ojú ewé lọ.

Báwo wá ni àwa tí a kò mọ ètò kọ yóò ṣe san àáró tiwa? Iṣẹ́ kan wà tí kò sí ará Helsinki tàbí Boston tó lè bá wa ṣe é: iṣẹ́ èdè wa. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀, tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀, kò ní ibùgbé tirẹ̀ nínú Unicode. Ńṣe ni a ń so ẹ̀yà pọ̀ kí á tó rí i, bí ẹni tó ya lẹ́tà náà kò bá sì ronú kàn wá, àmì yóò sá kúrò lórí lẹ́tà bí fìlà tí atẹ́gùn gbé. Àwọn kan ti san gbèsè tiwọn: ẹni tó bá wo àtòjọ bọ́tìnnì nínú Linux yóò rí Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwa ní Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí a ti ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ní 1975, tí a sì tún un yẹ̀ wò ní 1990, ɛ àti ɔ ni ìlànà tiwa, kì í ṣe ẹ àti ọ. Sh àti kp ni, kì í ṣe ṣ àti p. Ìlànà ti òdìkejì ààlà ni a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tó wà lọ́jà ń lò. Ọmọ Kétou tó kọ́ ìwé nílé ìmọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ńkọ́? Àwọn ará Parakou tó ń sọ Baatɔnum àti Dendi ńkọ́? Nínú ètò olówó, a ó máa bẹ ẹni tó ni ín. Nínú ti olómìnira, a lè jókòó ṣe bọ́tìnnì tiwa, kí á sì fi í ránṣẹ́ sí ibi tí gbogbo ayé yóò ti máa lò ó.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ọmọ yunifásítì mọ ibi tí a ń kọ ìtumọ̀ sí, ṣùgbọ́n bóyá "fi pamọ́" ni kí á pe iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tó bá kó ọ̀rọ̀ wa sí ibi tí kò ti ní sọnù, tàbí "tọ́jú", ìyá tó ń tajà ní Arzèkè lè mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ohun tí a fi pamọ́, a lè máa fi í pamọ́ fún ẹlòmíràn. Ohun tí a tọ́jú, a fẹ́ padà wá lò ó. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, pẹ̀lú olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì láàárín wọn, iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ ni.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkíní, sí àwọn aláṣẹ ìlú Parakou àti àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́: ẹ yọ̀ǹda yàrá kan tó ní iná mọ̀nàmọ́ná fún irú ẹgbẹ́ yìí ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Yàrá tí ẹ ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni, kò ní ná yín ní owó ńlá. Kí ẹ tó kó àwọn kọ̀ǹpútà tí kò gba Windows 11 dà sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ pè wọ́n wá wò wọ́n. Emmabuntüs, ètò kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé orí Ubuntu, lẹ́yìn náà lé orí Debian, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún: láti jí ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti pa tì dìde. Yunifásítì Parakou, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, ní àwọn ọmọ tó lè ṣe é.

Èkejì, sí àwọn ọ̀dọ́ Banikanni: ẹ má dúró de onígbọ̀wọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ó má yẹ̀, bí ẹni mẹ́ta péré bá tilẹ̀ wá. Kí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ní olùtọ́jú méjì. Kí ìwé kan wà tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ ṣe sí, kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí olórí lọ lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Kí ìpàdé wà ní wákàtí tí àwọn ọmọbìnrin lè wá, tí wọ́n sì lè padà sílé láìfòyà, kí ó má sì jẹ́ pé àga ni wọ́n ń tò. Ẹni tí ẹ bá tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lónìí, ẹ má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó wá ní Sátidé tó ń bọ̀ láti jókòó ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, sí ẹ̀yin onísọ̀, olùkọ́ àti akọ̀wé tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti ń lo Firefox, tàbí tí ẹ ń fi VLC wo fíìmù, ẹ ti wà lórí oko àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ti bá yín ro tiyín. Kò sí ẹni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ tó há ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sọ bí ó ṣe há fún ẹni tó lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá èdè wa mu, ẹ tọ́ka sí i. Ẹni tí kò mọ̀, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ hàn án.

Ilẹ̀ yóò mọ́ lọ́la ní Banikanni, àwọn ènìyàn yóò sì tò síwájú ìsọ̀. Bóyá ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta sí i kò sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan ní òkèèrè mọ́. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tí yóò dìde ní ọ̀sán Sátidé, tí wọn yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí wọn yóò sì lọ bá aládùúgbò wọn ro tirẹ̀.